Èèkù Idà Tí Wọ́n Ní Eku Jẹ

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe pé ọwọ́ ń dùn ún. Ohun tí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ti fi sílẹ̀ lára irin ìlẹ̀kùn ló kórìíra. Bí ó bá di dandan kí ó bọ ènìyàn lọ́wọ́, yóò fi ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tó jí nǹkan pamọ́, yóò sì máa wojú ẹ̀rọ omi títí onítọ̀hún yóò fi lọ. Nínú ilé rẹ̀, ife tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọṣẹ tirẹ̀ sì wà nínú ike tó ní ìdérí. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi gan-an ò mọ bí a ṣe bímọ o. Ó ní láti jẹ́ pé oorun ló ń kùn ún lọ́jọ́ náà."

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni olùtọ́jú yàrá idà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ń gbẹ̀yìn ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti wọ ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ lówùúrọ̀, ó di ìgbà tó bá ń relé kí ó tó bọ́ ọ.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ akọni ni kí ènìyàn máa tọ́jú idà, ẹ jẹ́ ká tún èrò náà ṣe fún un. Iṣẹ́ ìdọ̀tí ni. Idà tó bá pẹ́ nínú àkọ̀ máa ń rùn. Awọ inú àkọ̀ á ti jẹrà, ọ̀rá tí wọ́n fi pa irin nígbà kan á ti kan, òkú aáyán á sì ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá náà pọ̀ sí. Ti èèkù tilẹ̀ burú jù. Èèkù ni ọwọ́ ti ń di idà mú, gbogbo ohun tó sì wà lára ọwọ́ ni èèkù ń gbà: òógùn, èérí, itọ́ tí jagunjagun tu sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó má baà yọ̀, àti èépá ara àwọn tó ti kú tipẹ́. Gbogbo rẹ̀ á para pọ̀, á dúdú, á le bí ọ̀dà ojú títì. Má-fọwọ́-kàn-án a máa fi òwú tó rẹ sínú òróró nù ún díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á rún, imú rẹ̀ á ká sókè, bí ìyá tó ń fọ aṣọ ọmọ tó ń ṣu.

Síbẹ̀ ó fẹ́ràn àwọn idà. Ó fẹ́ràn bí àwọn tó ṣe wọ́n ti ronú jinlẹ̀ kí wọ́n tó gbé irin síná. Ọwọ́ nìkan ni kò fẹ́ràn. Lójú tirẹ̀, ohun dáradára kan wà láyé, ọwọ́ sì wà láti bà á jẹ́. Ó sì ní ẹ̀rí. Òógùn ní iyọ̀ nínú. Bí ènìyàn bá fi ìka kan irin dídán lónìí, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tó bá yá, ìka náà á hù jáde lórí irin, pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú gbogbo ilà ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹni náà fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun débẹ̀. Ìpẹtà nìyẹn. Má-fọwọ́-kàn-án ti rí ti ìka, ó ti rí ti ètè ẹni tó fẹnu ko idà lẹ́nu, ó sì ti rí ti ahọ́n. Ọkùnrin àgbà kan ló fi ahọ́n lá idà wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dùn lára rẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun Má-fọwọ́-kàn-án lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọwọ́, ẹnu ló tún kórìíra. Kò sí ibi tí ènìyàn ti ń purọ́ tó iwájú idà. Ẹni tí kò gbé ọ̀bẹ rí á dúró níwájú gíláàsì, á máa ṣàlàyé fún ìyàwó. Ọ̀pọ̀ idà ní poro kan tó là á láàárín láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Gbogbo ẹni tó bá ti rí poro yìí ló ń sọ pé, "Ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń gbà ṣàn jáde."

"Irọ́ ni," Má-fọwọ́-kàn-án á wí láti ẹ̀yìn wọn. "Ẹni tó gbẹ́ poro sí i fẹ́ kí ó fúyẹ́, kí ó má sì rọ̀. Ẹ ká bébà láàárín kí ẹ gbé e sókè. Ṣé ó rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́? Kí ló kan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀?"

Ní àkókò tí à ń wí yìí, wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun, idà kan ni yóò sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Idà àwọn ẹlẹ́ṣin ni, olójú kan, ó tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìwo ẹran ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀. Irin rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí Má-fọwọ́-kàn-án fi máa ń mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń wò ó, kí èémí rẹ̀ má baà bà á. Àbùkù méjì péré ló rí. Èkíní, eku ti jẹ èèkù. Ó rí ibi tí ó jẹ kedere lábẹ́ èérí dúdú: kòtò kan tó jìn wọnú ìwo, àti àwọn kéékèèké mìíràn tó tò sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti rántí ẹnu eku lára idà yìí, ṣe ni itọ́ á kún òun náà lẹ́nu. Èkejì, ẹ̀gbẹ́ àkọ̀ tí wọ́n fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wà ní òdì. Ọ̀ṣọ́ yẹ kí ó kọjú síta, kí ayé rí i. Eléyìí á kọjú sí itan ẹni tó bá so ó mọ́ ìbàdí. Ó dá a lójú pé aláìmọ̀kan alágbẹ̀dẹ kan ló to fàdákà náà bẹ́ẹ̀.

Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú tó kí ó tún àṣìṣe ẹlòmíràn ṣe. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, yóò ha èérí èèkù kúrò pátápátá, yóò fi gọ́ọ̀mù líle dí kòtò tí eku jẹ, yóò yọ fàdákà àkọ̀, yóò sì kàn án padà sí ibi tó yẹ kí ó wà. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Má-fọwọ́-kàn-án kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì mọ́, idà yìí sì ni ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n máa fi rántí òun: idà kan tó mọ́, tó pé, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò hàn lára rẹ̀.

Àfi bí ọ̀gá ṣe wọlé tọ̀ ọ́ wá ní ọjọ́ kan. Obìnrin ni ọ̀gá náà, kò dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn tí kò ríran ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n fẹ́ wo àwọn idà."

"Wọ́n fẹ́ wò wọ́n báwo?"

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, Bàbá."

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da omi ìfọṣọ sí i lọ́rùn. "Kí ọwọ́ wọn kan idà?"

"Wọ́n á fọ ọwọ́ wọn dáadáa."

"Màdáámù, ọwọ́ kì í mọ́. Ó kàn máa ń sinmi díẹ̀ ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. "Ẹ ṣa èyí tó bá lè fara dà á. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, ẹ fi òróró nù wọ́n."

Ó ronú títí. Nígbà tó yá, ó rí ọgbọ́n kan dá. Nínú àjà ilé náà ni àwọn idà àfarawé wà, èyí tí wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ kan rọ kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa fi ya fọ́tò. Ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, ó nu eruku wọn, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí ó tẹ́ aṣọ sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ríran pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, mélòó mélòó wá ni ẹni tí kò ríran.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, àwọn àlejò dé, wọ́n di èjìká ara wọn mú, ọ̀gá sì ń ṣíwájú. Má-fọwọ́-kàn-án dúró sẹ́yìn tábìlì, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ kan ní èékánná gígùn. Ọwọ́ kan ń yọ imú. Ọwọ́ kan jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń hun àga, ó ti yi, ó ti sán, ó dà bí èèpo igi. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan gbé orí sókè, tó fa imú, tó sì pariwo ní àárín yàrá náà:

"Tutọ́dànù! Mo gbọ́ òórùn ọṣẹ. Ìwọ nìyẹn!"

Ẹ̀gbọ́n Má-fọwọ́-kàn-án obìnrin ni. Ojú rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní apá kejì ìlú. Àbúrò a máa lọ kí i, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, yóò ní òun ń kánjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀," ó wí wẹ́rẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yẹn… ibi iṣẹ́ nìyí."

"Ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n níbí ni? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má bínú o. Ọmọ yìí, bí eṣinṣin bá fò kọjá lókè àwo, á tutọ́ oúnjẹ ẹnu ẹ̀ dànù. Òjò tó rọ̀ sínú omi mímu wa, ó ní òun ò mu ún mọ́, ó ní a ò mọ ibi tí òjò ti ń bọ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má-fọwọ́-kàn-án wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ iṣẹ́ náà. Ó fi idẹ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó mọ irin, idẹ ni wọ́n ń yọ́, wọ́n á dà á sínú òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ ní àwòrán idà. Nítorí náà ni àwọn idà ìgbà náà kì í fi gùn, bí wọ́n bá gùn jù, wọ́n á tẹ̀ lójú ìjà. Ó mú wọn dé ibi idà kúkúrú tó fẹ̀, ti àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀: gígún ló wà fún, nítorí níbi tí èjìká ti kan èjìká, kò sí àyè fún ẹni tó fẹ́ ju apá. Ó mú wọn dé ibi idà gígùn olójú méjì, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan kókó irin tó wà ní ìdí èèkù.

"Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ọ̀ṣọ́. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń fa idà sẹ́yìn kí gbogbo ìwúwo má baà lọ sí ṣóńṣó."

"Ìdí ìyàwó mi nìyẹn," ọkùnrin tó ń hun àga náà wí. "Òun ló ń jẹ́ kó dúró ṣinṣin bó bá ń bá mi jà."

"Idà olọ́wọ́ méjì rèé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn. Àwọn kan á máa sọ pé ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ gbé e wò. Kò ju ọmọ tuntun lọ."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Wọ́n ń fi òógùn tọ ojú irin bí ìgbín. Ẹnì kan lá ìka kí ó tó fi kan ojú idà. Ẹnì kan fi idà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ìlú ńlá fi ń bá ara wọn jà nítorí àrífín, họ ẹ̀yìn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àfarawé ni, àfarawé ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé idà àkọ́kọ́ sí imú, ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé ìkẹyìn sí imú.

"Àbúrò, o ní èyí dàgbà ju èyí lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Gan-an ni."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi jẹ́ ọmọ ìyá kan náà? Òórùn kan náà. Ọ̀dà kan náà. Ibi tí fáìlì tí alágbẹ̀dẹ fi ń ha irin gbà, ó ṣì mú mi níka. Kò sí èyí tó tíì jìyà nínú wọn."

Ọ̀gá rọra pè é: "Bàbá?"

Ó fẹ́ sọ pé nítorí ààbò ni. "Àfarawé ni," ó wí.

"Mo mọ̀," ẹ̀gbọ́n wí. Kò pariwo. "Àwo tèmi tún wà lọ́tọ̀."

Ó yẹ kí á sọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n ń lò. Òsì ló fi ń gbálẹ̀, òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló sì ń sáré jáde bí oúnjẹ bá délẹ̀. Ìyá wọn kò fẹ́ rí i sójú. Ó ní ọwọ́ tí a fi ń nùdí kò gbọdọ̀ bọ inú àwo. Ó fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ ọmọ lára nígbà gbogbo tí wọ́n bá ń jẹun. Wọ́n a máa sọ fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òun a sì máa dáhùn pé bí òun bá fi ọ̀tún júwe é, àlejò á ṣìnà. Ta wá ni ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́? Àbúrò ni. "Ìyá, ó ti tú u o! Ìyá, ó tún ti fi òsì kan ẹran!" Yóò tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù, yóò kọ̀, kò ní jẹ mọ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ya àwo ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀, ó sì ń dá jẹun lẹ́bàá ìlẹ̀kùn títí ó fi lọ sílé ọkọ.

"Bàbá," ọ̀gá wí, "ẹ lọ mú ojúlówó wá."

Ó lọ. Ó dúró níwájú àwọn dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ní kí ó mú ọmọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wá fún ẹkùn. Kò sí èyí tó lè yọ̀ǹda. Àfi ọ̀kan. Idà ẹlẹ́ṣin náà, eku kúkú ti fi ẹnu bà á jẹ́, lọ́jọ́ Ajé ni yóò sì ha èèkù rẹ̀, tí yóò dí i. Èérí tí wọ́n bá fi kún un lónìí, yóò bá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi aṣọ mímọ́ we irin rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, ó jẹ́ kí èèkù nìkan yọ síta, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú àkọ̀ rẹ̀.

"Èèkù nìkan o," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ti rí ìyà. Eku ti jẹ ẹ́ lára, nítorí náà kí ó má baà yà yín lẹ́nu."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, ó fọwọ́ kàn án, ó fà á padà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá na òsì.

Má-fọwọ́-kàn-án rí ọwọ́ náà. Ó ti gbó, iṣan rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n òun náà ni, ọwọ́ tí ó ti sá fún láti ìgbà tí ó ti gbọ́n. Ìríra àtijọ́ gòkè wá sí i lọ́fun, ó gbóná bí ìgbà tó wà ní ọmọdé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ké pe ìyá tó ti kú.

Ọwọ́ òsì náà di èèkù. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn díẹ̀, ó ń wá nǹkan kiri, lẹ́yìn náà ó wọlé. Kò tún rìn mọ́. Àwọn ìka yòókù rìn díẹ̀, àwọn náà wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ààyè tirẹ̀.

"Eku," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú, ó ń ríni lára. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa dí i."

"Eku wo ló ń jẹ nǹkan tó sì ń dán an? Eku ilé tiwa, bó bá jẹ pákó, ṣe ló máa ń rí wúruwùru. Ibí yìí ń yọ̀ bí inú ṣíbí. Kò sí eyín kankan níbí, Tutọ́dànù. Ọwọ́ ló jẹ ẹ́."

"Ọwọ́ kọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń mú èèkù. Idà olójú kan ni èyí, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ síta. Bí ènìyàn bá dì í mú, ẹ̀gbẹ́ òsì ni àtàǹpàkò ń bọ́ sí. Kòtò yìí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kò sí bí àtàǹpàkò ṣe lè…"

Ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú idà kọ síta, bí ó ti yẹ. Àtàǹpàkò sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nínú kòtò náà, bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Parí ẹ̀," ẹ̀gbọ́n wí. "Kò sí bí àtàǹpàkò ta ni ṣe lè débẹ̀?"

Àbúrò gbé àkọ̀ tó wà lórí tábìlì, ó gbé e mọ́ ìbàdí òsì rẹ̀: ọ̀ṣọ́ fàdákà kọjú sí itan. Ó gbé e sí ìbàdí ọ̀tún, níbi tí ẹni tó bá ń fi òsì fa idà yóò so ó sí. Fàdákà kọjú síta, iná yàrá náà sì tàn lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí òun ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá kò ṣe àṣìṣe kankan. Wọ́n wọn ọkùnrin kan, wọ́n mọ ọwọ́ tó ń lò, wọ́n sì ṣe é fún un bẹ́ẹ̀, láìso ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ohun kan ṣì kù, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́. Má-fọwọ́-kàn-án bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. Ọ̀gá rí i, ó sì di ẹnu rẹ̀ mú. Má-fọwọ́-kàn-án gba idà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún wá ibẹ̀. Kò bá a mu, ṣe ni ó ń yọ̀ kúrò. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kejì. Ó fi òsì dì í mú. Ìka rẹ̀ wọlé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìríra tó lágbára jù láyé rẹ̀ mú un. Ìwo náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ó rin díẹ̀ nítorí òógùn, ó sì dán nítorí ọwọ́ ọkùnrin kan tó ti jẹrà tipẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó dà bí ẹni pé òkú náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ kò tíì jù ú sílẹ̀. Ó ń rò ó: láti ìgbà tí idà yìí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí kò gbé e, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó fọwọ́ kàn án. Ìbọ̀wọ́ ni kò jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, ìbá ti ha ọkùnrin náà kúrò, ìbá ti fi gọ́ọ̀mù dí ojú rẹ̀, ìbá sì ti kọ káàdì sí i pé ó pé. Ìríra náà yí padà nínú rẹ̀, ó kọjú sí òun fúnra rẹ̀, ó sì korò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé idà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì sáré gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ.

"Ó ń fọ̀ ọ́!" ẹ̀gbọ́n ké. "Mo ń gbọ́ omi! Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Ọ̀gá mú un lọ. Má-fọwọ́-kàn-án ń fi ọṣẹ ra ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ó na òsì rẹ̀ sábẹ́ omi náà.

"Bù díẹ̀ fún mi nínú ọṣẹ olówó iyebíye ẹ. Àbí tèmi wà lọ́tọ̀?"

Ó wo ọwọ́ náà. Kò sí ẹni tó ń wò ó, àfi ọ̀gá. Ó fi ọṣẹ sí i. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ń fi ọṣẹ náà ṣòfò, kò sì dé àárín ìka, ó di ọwọ́ náà mú, ó sì fọ̀ ọ́ fún un bí ó ti yẹ kí wọ́n máa fọwọ́: ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná.

"Ṣé ó ń rí ẹ lára?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣeun tí o kò purọ́. Fọ èkejì náà. Ọ̀tún kì í dá mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, kò ha èèkù, kò dí i, kò sì yọ fàdákà kan lára àkọ̀. Ó fi òwú nu èérí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kòtò nìkan, kí kòtò náà lè hàn, ó sì gbé idà náà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tuntun, lọ́nà tó jẹ́ pé òdì ni gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò rò pé wọ́n gbé e sí. Ó ya káàdì àtijọ́, ó kọ òmíràn: *Idà ẹlẹ́ṣin kan tó ń lo ọwọ́ òsì. Ẹ wo ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà.* Bí ẹnikẹ́ni bá ti yọjú sí i pé, "Bàbá, ẹ gbé e sódì," inú rẹ̀ á dùn, á fà á létí lọ́rọ̀ títí onítọ̀hún á fi kábàámọ̀.

Ẹ má rò pé ó yí padà. Ìgbọ̀nwọ́ ló ṣì fi ń ṣílẹ̀kùn. Ife rẹ̀ ṣì wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí idà kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, á bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì, á di ojú, á sì gbá èèkù mú, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì, ojú rẹ̀ á rún bí ẹni tó gbé àgbo kíkorò mì, títí yóò fi mọ irú ẹni tó ti dì í mú rí. Lẹ́yìn náà ni ìlẹ̀kùn á ṣí gbàù, tí wọ́n á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sáré.

Ọ̀gá ti ń bèèrè ohun tó ń jẹ gbogbo ọṣẹ ilé náà. Wọ́n ní bóyá eku ni.